Egungun Ìhà Tó Sán ní Peckham

Peckham, London
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àléékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrójú ara wa. Ṣé ara yín le? Ṣé omi ẹ̀rọ ti ń yọ ní Ẹdẹ báyìí, àbí ẹ ṣì ń fa omi kànga? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Sherifdeen ọkọ mi ní kí n kí yín. Yusrah ọmọ wa náà ń kí yín, ó ní kí n sọ fún Grandpa pé òun ti wọ yunifásítì.

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Mo ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Egungun ìhà mi méjì ló sán, lápá òsì. Wọ́n yà á ní fọ́tò ní ọsibítù, wọ́n ní kò sí nǹkan tí wọ́n fi ń dì í, pé ara ló máa so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n máa mí kanlẹ̀. Mímí kanlẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè yín ni pé ẹ̀yin náà mọ bí etí yín ṣe rí báyìí. Bí n kò bá pariwo, ẹ ò ní gbọ́. Bí mo bá sì pariwo, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ ya mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí náà mo kọ ọ́ sínú ìwé, Yusrah yà á ní fọ́tò, ó fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kí ẹ fi awò ojú yín kà á.

Àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo ń sùn sí, torí n kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Sherifdeen to ìrọ̀rí yí mi ká bí ẹyin inú ìtẹ́. Oògùn yẹn máa ń gbé mi lọ. Mo máa ń wo igi tó wà níwájú ilé wa, ewé rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, n kò sì ní mọ ìgbà tí mo sùn tàbí ìgbà tí mo jí. Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan máa ń fò kọjá, ìrù wọn gùn, wọ́n ń ké bí ayékòótọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé Ẹdẹ ni mo wà.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣubú. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Àdúrà yín ni mo fẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàrákàt


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Wàáléékúmù sàlámù. Ọlọ́hun á wò ọ́ sàn. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí n fojú sunkún rẹ. Mo ka ìwé rẹ nínú ilé, mo tún gbé e síta kà nínú oòrùn, bóyá mo ṣì í kà ni. Ta ní ń dá ẹni tí egungun rẹ̀ sán padà sílé láì dì í? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe dókítà lọ́hùn-ún nìyẹn?

Nígbà tí mo já bọ́ lórí igi ọsàn ní kékeré, ọ̀já ni ìyá mi fi dì mí láyà, ara mi sì balẹ̀. Ọ̀já tí ìyá rẹ fi pọ̀n ọ́, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tó o bí Yusrah, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Wá a jáde. Fi di àyà rẹ gírígírí, kí egungun náà má baà máa mì. Má tú u lójú oorun.

Ní ti àwọn ẹyẹ, mo rò pé oògùn yẹn ti le jù. Ayékòótọ́ wo ló ń bẹ ní London? Sọ fún wọn kí wọ́n dín in kù.

Jẹ́ kí n wá bi ọ́ ní ohun tí o ní kí n má bi ọ́. Níbo lo ti ṣubú? Ta ló wà níbẹ̀? Níbo ni Sherifdeen wà? Mo ṣe tíṣà pẹ́, ìwọ náà mọ̀. Mo ti rí ìyá àwọn ọmọ iléèwé tó wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ojú wíwú, tí wọ́n ní àwọn forí gbá ilẹ̀kùn ni. Wọn kì í sọ. Ojú ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ "ìtìjú" tí o kọ yẹn ni mo ń padà lọ kà ṣáá.

Dá mi lóhùn kíá.

Bàbá rẹ,
Làtíìfù Àjàní


Peckham
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Mo rí ọ̀já náà. Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, ó ṣì ń run òrí. Ẹ mọ̀ pé báàsì ni Sherifdeen ń wà, láti gáréèjì Catford. Ó ti gba ṣíìfù ìdájí kó lè tètè máa padà wá tọ́jú mi. Nígbà tó jáde lọ, mo fi ọ̀já di àyà mi bí ẹ ṣe wí. Bàbá, ìrora náà lọ sílẹ̀! Bí n kò bá ti mí jìnnà, n kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣe mí. Nọ́ọ̀sì tó ń pè mí lórí fóònù ti ní kí n má di ohunkóhun mọ́ ọn, n kò sì sọ fún un. N kò sọ fún Sherifdeen náà. Abẹ́ bùbá mi ló wà.

Mo lá àlá ìyá mi olóògbé. Wọ́n ń bọ̀ lójú títì Rye Lane, láàárín àwọn tó ń ta ẹja àti àwọn tó ń ta iṣu, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Gbogbo títì dákẹ́ fún wọn. Wọ́n gòkè wá sílé wa láì fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó sétí àga mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun mi. Mo ní, "Mummy, ẹ ò mọ ọ̀nà ibí rí." Wọ́n ní, "Òórùn ọ̀já mi ni mo tẹ̀ lé." Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti kún inú yàrá, Sherifdeen ló ń tú irun mi. Ó ní ó ti ta kókó jù. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ irun, Bàbá, ṣùgbọ́n ó ń rọra ṣe é bí ẹni tó ń tú okùn lẹ́sẹ̀ ẹyẹ.

Ìbéèrè yín: Sherifdeen wà níbi iṣẹ́ nígbà tí mo ṣubú. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Oorun ń kùn mí.

Ọmọ yín,
Bàrákàt


Ẹdẹ
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Àyìnkẹ́,

Ṣé àyà ti fúyẹ́? O rí i pé ọ̀já ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n o ò dá mi lóhùn. O ní ó wà níbi iṣẹ́, o ò sọ ibi tí ìwọ wà. O sọ bó ṣe ń tú irun fún ọ. Ọmọ mi, ọkùnrin tó ń na ìyàwó náà máa ń tú irun fún un lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá yọ́.

N kò lè jókòó mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwó, sọ́dọ̀ Alhaji Oyèníran, bàbá ọkọ rẹ. Lẹ́yìn ìrun, nígbà tí àwọn ẹbí wọn péjọ síwájú mọ́sálásí tí wọ́n ń kí ara wọn, mo ní, "Ẹ bá mi bi ọmọ yín. Kí ni ọmọ mi ṣe fún un tó fi ṣẹ́ ẹ légungun?" Alhaji ní òun ò tọ́ ọmọ òun bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pè é, kó bi í.

Mo mọ̀ pé o máa bínú. Máa bínú. Ìgbà tí o bá ti lè rìn, máa bọ̀ wálé. Yàrá rẹ ṣì wà, mo ti ní kí wọ́n kùn ún.

Bàbá rẹ


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàrákàt,

Mo rí i pé ìwé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n o ò ṣí i. Mo pè ọ́ lórí fóònù. N kò mọ̀ bóyá ó dún, n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbé e. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni pé o wà níbẹ̀.

Ṣé o ń bínú ni? Àbí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ?

Lọ́sàn-án yìí mo sùn lọ lórí àga lábẹ́ odán. Mo gbọ́ tí o pè mí. Etí mi méjèèjì ṣí kedere, mo gbọ́ ohùn rẹ bó ṣe rí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ti iléèwé dé. Mo dáhùn. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò mí.

Kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi, kó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Bàbá rẹ


Peckham
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá,

Àsàlámù àléékúmù. Èmi Sherifdeen ni mo kọ ìwé yìí, nítorí Bàrákàt kò tíì lágbára láti di bírò mú. Ó wà ní ọsibítù. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kù. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a tó ń gbọ̀n lórí àga, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ètè rẹ̀ ti ṣú. Ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ̀ mí. Yusrah pe áńbúláǹsì. Nígbà tí wọ́n ṣí bùbá rẹ̀, wọ́n bá ọ̀já níbẹ̀, ó ti wọ ara. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ló dì í báyìí. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń purọ́.

Dókítà ṣàlàyé fún mi. Ẹni tí ìhà rẹ̀ sán, bí wọ́n bá di àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní lè mí kanlẹ̀, kò ní lè wúkọ́ dáadáa. Ohun tó yẹ kó jáde á wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, á di òtútù àyà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan. Obìnrin kan bi mí, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, bóyá mo máa ń na ìyàwó mi. Mo ṣì jókòó níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi pè láti Ìwó. Ìbéèrè kan náà ni àwọn náà bi mí.

N kò fi ọwọ́ líle kan ọmọ yín rí, Bàbá. Bó ṣe ṣubú, òun ló ni ẹnu rẹ̀, yóò sọ fún yín. N kò bú yín, n kò sì ní bú yín. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò yọjú sí mọ́sálásí mọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi. Bí nǹkan kan bá yí padà, Yusrah á sọ fún yín.

Sherifdeen Oyèníran


Peckham
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àfaradà. Mo ti padà sílé. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, ẹ máa forí jì mí bí ẹ bá rí i pé ìlà wọ́.

N kò lè sọ púpọ̀ nípa ọsibítù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà lábẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà létí odò. Ìyá mi wà pẹ̀lú mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń lọ, pé kí n má tẹ̀ lé àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀.

Bàbá, orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ṣubú. Kẹ̀kẹ́ ológeere! Nínú ọgbà Peckham Rye, wọ́n ń kọ́ àwa obìnrin ní kẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníhíjáàbù, àwọn ìyá àgbà, ẹni tó bá fẹ́. Evelyn ni orúkọ ẹni tó ń kọ́ wa. Òun ló máa ń di àga kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó tú ọwọ́ kúrò, n kò mọ̀. Mo ń lọ. Atẹ́gùn wọ inú híjáàbù mi, koríko ń ṣàn lọ lábẹ́ mi bí odò, mo wo ẹ̀yìn, mo rí Evelyn lọ́ọ̀ọ́kán tó ń pàtẹ́wọ́. Bàbá, n kò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àfi bí ajá kan ṣe sáré gba iwájú mi. Mo yà fún un, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì gún mi níhà.

Yusrah ní, "Mummy, ẹ̀yin ni legend, I swear." Sherifdeen náà mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni n kò lè sọ fún. Mo rò pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, obìnrin tó lọ́mọ ní yunifásítì, tó tún ń dáná fún ọmọ iléèwé ní Nunhead, kí ló ń wá lórí kẹ̀kẹ́? Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ló jẹ́ kí ẹ rò ó síbi tí ẹ rò ó sí. Ní ti ọ̀já, èmi ni mo dì í, èmi ni mo sì fi pamọ́. Ẹ má fi ìyẹn pa ara yín.

Ṣùgbọ́n Sherifdeen ò dárúkọ yín mọ́. Ó ń dáná, ó ń gbé mi dìde, ó ń to ìrọ̀rí. Bí mo bá ní "Bàbá mi", á dìde lọ fọ abọ́, kódà bí abọ́ bá mọ́. N kò ní kí ẹ kọ̀wé sí i. Ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ padà lọ, lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Bí ẹ ò bá lọ, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ máa jókòó láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Mo bẹ̀ yín.
Bàrákàt


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 2024

Àyìnkẹ́ mi, ọmọ tí Ọlọ́hun dá padà fún mi,

Mo kí ọ kú ewu. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn, torí n kò fẹ́ kọ̀wé kí n tó lọ. Mo ti lọ.

Mo dé Ìwó lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku bíi wákàtí kan kí wọ́n kírun. Alhaji Oyèníran ò sí ní mọ́sálásí lóòótọ́. Mo lọ bá a nílé. Orí ẹní ló wà, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Tíṣà, kí ló tún kù tí o fẹ́ sọ?" Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ kírun. Níwájú wọn ni mo fẹ́ sọ ọ́." Kò dìde. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé àga wá, n kò gbà á. A wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń kọjá lórí ìka ẹsẹ̀, oòrùn ń rìn bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí ó fi kan ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó ṣe, Alhaji pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bu omi àlùwàlá wá.

Lẹ́yìn ìrun, mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo dúró sí tí mo parọ́ mọ́ Sherifdeen ọmọ Oyèníran. Kò na ọmọ mi. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú." Ọkùnrin kan bi mí pé, "Kẹ̀kẹ́ náà ló wá fẹ́ pa á?" Ó ti gbọ́ pé o dákú ní ọsibítù. Mo ní, "Rárá. Èyí tó fẹ́ pa á, èmi ni. Èmi ni mo ní kó di ọ̀já, tí nọ́ọ̀sì ní kó má dì í. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tú u." Alhaji dìde, ó di ọwọ́ mi mú, a jọ rìn padà sílé. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, nínú àwo kan ṣoṣo.

N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú mi. Bí mo bá jókòó lábẹ́ odán lọ́sàn-án, mo máa ń rí ọ tó o ń lọ lórí koríko yẹn, tó o wẹ̀yìn, tí kò sẹ́ni tó di kẹ̀kẹ́ mú. Mo máa ń fẹ́ kí ajá yẹn pẹ́ kó tó dé.

Sherifdeen ní kí n má kọ̀wé sí òun, n kò sì ní kọ ọ́. Bó bá wù ọ́, ka èyí sí i létí.

Bàbá rẹ


Peckham
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn-àjò, ẹ kú ìnira. Ọlọ́hun á fi ẹ̀mí gígùn san án fún yín.

Lánàá, Sherifdeen mú mi rìn jáde. A rọra ń lọ títí a fi dé òkè Nunhead, níbi tí èèyàn ti lè jókòó kó máa wo ìlú láàárín igi. Kùrukùru bo gbogbo London. Ilé gíga kan á yọ sókè, á tún rì, bí ẹni pé wọ́n ń lá a lálàá, wọn ò tíì pinnu. Ewé ń já bọ́ sórí wa. Mo yọ fóònù jáde, mo ní, "Mo fẹ́ ka nǹkan fún ọ." Ó mọ̀. Kò sí abọ́ tó fẹ́ fọ̀ níbẹ̀, ó jókòó.

Mo kà á tán. Ó ń wo iwájú títí mo fi rò pé kò gbọ́ mi. Ó wá ní, "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Bàbá jókòó sí?"

Mo ní, "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kóòtù rẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi kí n lè dìde. A ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá orúnkún náà ò wú lẹ́yìn ìgbà yẹn, àti pé ta ló fà yín dìde.

Òun ló ni ìbéèrè náà, Bàbá. Òun ni kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sí.

Ọmọ yín,
Bàrákàt